Ẹ̀rọ Asọ̀rọ̀mágbèsì Tí Ó Gba Èsì: Ìtàn Rédíò ELWA ní Monrovia àti Ẹ̀kọ́ Rẹ̀ fún Àwa Oníwàásù

Nígbà tí rédíò kọ́kọ́ dé ilẹ̀ Yorùbá, àwọn baba wa wò ó títí, wọ́n sì fún un ní orúkọ tí ó bá ìwà rẹ̀ mu: asọ̀rọ̀mágbèsì. Ó ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò ń gba èsì. Bí ènìyàn bá kí i, kò ní jẹ́ ẹ. Bí ènìyàn bá bi í ní ìbéèrè, kò ní dáhùn. Bí opó bá ń sunkún níwájú rẹ̀, orin tí ó ń kọ lọ́wọ́ náà ni yóò máa kọ lọ.

Mo bẹ ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń múra fún ìfàmì-òróró-yàn, àti ẹ̀yin olùṣọ́-àgùntàn ẹlẹgbẹ́ mi, pé kí ẹ fi orúkọ yìí sọ́kàn bí a ti ń ka ìtàn yìí. Ìjọ tí ìgbìmọ̀ rẹ̀ kò tíì jókòó lórí ọ̀rọ̀ rédíò kò pọ̀ mọ́ láàrin wa. Ṣé kí a ra ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀ ni, àbí wákàtí kan? Láti inú àpò wo ni owó náà yóò ti jáde? Ta ni yóò máa sọ̀rọ̀? A máa ń jiyàn lórí iye owó àti lórí àkókò tí ó dára jù. Ìbéèrè tí ó yẹ kí ó ṣáájú gbogbo wọn ni a kì í sábà bèèrè: lẹ́yìn tí a bá ti sọ̀rọ̀ tán, ta ni yóò gba èsì?

Ìtàn kan wà tí ó lè ràn wá lọ́wọ́. Ìtàn rédíò ELWA ni, ní ìlú Monrovia ní orílẹ̀-èdè Làìbéríà. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó dàgbà láàrin wa ti gbọ́ orúkọ náà rí. Àwọn ọ̀dọ́ kò mọ̀ ọ́n. Rédíò náà dìde, ó gbajúmọ̀ káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ogun run ún lẹ́ẹ̀mejì, síbẹ̀ kò kú. Ohun tí ó mú kí ó yè ni mo fẹ́ kí a jọ wá.

Èkó ni ọ̀nà náà ti bẹ̀rẹ̀

Kí a tó dé Monrovia, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ dúró ní Èkó. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù Kejìlá ọdún 1893, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta láti Àríwá Amẹ́ríkà gúnlẹ̀ sí etíkun Èkó: Walter Gowans, Rowland Bingham àti Thomas Kent. Ilẹ̀ tí ó wà ní òkè lọ́hùn-ún, tí wọ́n ń pè ní Sudan nígbà náà, ni ọkàn wọn ń fà sí. Kí ọdún 1894 tó parí, Gowans àti Kent ti kú. Bingham nìkan ni ó padà sílé. Ó tún gbìyànjú ní ọdún 1900, ibà tún lé e padà. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni àwọn tí ó rán ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ibi fẹsẹ̀ múlẹ̀ sí, ní Pàtígì ní ilẹ̀ Nupe, ní ọdún 1902. Báyìí ni ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì tí a mọ̀ sí Sudan Interior Mission, SIM, ṣe bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà.

Ní ọdún 1908, Tommy Titcombe dé Ẹ̀gbẹ̀ ní ilẹ̀ Yàgbà, iṣẹ́ SIM sì gbilẹ̀ láàrin àwọn tí ń sọ èdè Yorùbá ní apá ibẹ̀. Ìgbájà di ibi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn oníwàásù. Ní ọdún 1954, àwọn ìjọ tí SIM gbìn ní Nàìjíríà para pọ̀ di ìjọ kan tí ó dá dúró, èyí tí a mọ̀ sí ECWA lónìí. Ẹ má gbàgbé ọdún 1954 yẹn, nítorí pé a óò tún pàdé rẹ̀.

Mo sọ èyí nítorí pé ẹgbẹ́ tí ó ní ELWA kì í ṣe àjèjì sí wa. Èkó ni ẹsẹ̀ wọn kọ́kọ́ tẹ̀ ní ilẹ̀ Áfíríkà, àwọn òbí àti àwọn òbí àgbà àwọn kan nínú wa ni wọ́n sì kọ́ ní ìwé. Ẹgbẹ́ náà sì ti mọ ohun tí ó ń jẹ́ kí iṣẹ́ ṣubú lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó dìde lẹ́ẹ̀kẹta.

Ìdí tí ó fi jẹ́ Làìbéríà

Àwọn ọ̀dọ́ kan tí wọ́n kàwé ní Wheaton College ní ìpínlẹ̀ Illinois ní Amẹ́ríkà ni ó kọ́kọ́ ní ìran rédíò ìhìnrere fún Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. William Watkins wà lára àwọn tí ó ṣíwájú wọn. Wọ́n dá ẹgbẹ́ kékeré kan sílẹ̀ fún iṣẹ́ náà, nígbà tí ó sì yá, ẹgbẹ́ náà darapọ̀ mọ́ SIM.

Kí ló dé tí wọn kò fi kọ́ ọ sí Nàìjíríà, níbi tí ẹgbẹ́ náà ti ní ìjọ tí ó pọ̀? Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti rí. Ní àkókò náà, ìjọba amúnisìn ni ó di rédíò mú ní ilẹ̀ wa. Láti ọdún 1935 ni wọ́n ti ń fi wáyà pín ohùn BBC láti Lọ́ńdọ̀nù ká ilé àwọn aráàlú ní Èkó, inú àpótí kékeré tí a gbé kọ́ ara ògiri ni ohùn náà sì ti ń jáde. Ohun tí ìjọba bá fẹ́ ni àpótí náà ń sọ. Àwọn ilẹ̀ tí Faransé ń ṣàkóso kò yàtọ̀. Ṣùgbọ́n Làìbéríà ti wà ní òmìnira láti ọdún 1847, Ààrẹ William Tubman ni ó sì wà lórí oyè. Ìjọba rẹ̀ fún wọn ní ìwé àṣẹ àti ilẹ̀ ní Paynesville, létí òkun, lẹ́yìn ìlú Monrovia.

Ohùn Yorùbá pàápàá ti ṣáájú rédíò náà dé ìlú yẹn. Ní ọdún 1947, Àpọ́sítélì S. O. Oduwole ti Ìjọ Olúwa (Aládùúrà) ti lọ sí Monrovia láti Nàìjíríà, ó sì ti ń wàásù níbẹ̀. Kò ní ẹ̀rọ, kò sì ní òpó. Àdúrà àti ẹsẹ̀ ni ó fi dá ìjọ sílẹ̀. Nígbà tí a bá ń kọ ìtàn bí ìhìnrere ṣe tàn ní Làìbéríà, kò yẹ kí a fojú fo irú àwọn bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kínní ọdún 1954, ELWA gbé ohùn sáfẹ́fẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ọdún kan náà tí ECWA fìdí múlẹ̀ ni. EL ni àmì tí àjọ àgbáyé fún àwọn rédíò Làìbéríà, WA sì dúró fún Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ṣùgbọ́n àwọn ará fún àwọn lẹ́tà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní ìtumọ̀ mìíràn tí ó bá iṣẹ́ wọn mu: ìfẹ́ ayérayé tí ń jèrè Áfíríkà.

Bí ohùn náà ṣe dé ọ̀dọ̀ wa

Ẹlòmíràn lè bèèrè pé báwo ni ohùn láti etíkun Làìbéríà ṣe lè dé abúlé kan ní Nàìjíríà. Ìgbì tí wọ́n lò ni a ń pè ní ṣọ́ọ̀tì-wéèfù. Ìgbì FM tí a mọ̀ lónìí máa ń rìn tààrà ni. Bí òkè bá dí i lọ́nà, tàbí tí ilẹ̀ bá tẹ̀ kọjá ibi tí òpó lè rí, ó tán nìyẹn. Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀tì-wéèfù máa ń gòkè lọ sí ojú òfuurufú, ó ń kan ìpele kan níbẹ̀, ó sì ń ta padà wá sílẹ̀ ní ibi tí ó jìnnà réré. Báyìí ni ẹ̀rọ kan ṣoṣo ṣe lè bá orílẹ̀-èdè mẹ́wàá sọ̀rọ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé ó máa ń lọ sókè sódò bí ìgbì òkun, pàápàá tí ojú ọjọ́ bá yí padà. Àwọn àgbà tí ó ń gbọ́ ọ yóò rántí bí a ṣe ń yí bọ́tìnnì díẹ̀díẹ̀, tí a sì ń di etí mọ́ ara ẹ̀rọ.

Ohun kan tún ṣẹlẹ̀ ní ọdún 1954 náà. Ní ìparí ọdún yẹn ni rédíò kékeré oní-transistor àkọ́kọ́ dé ọjà ní Amẹ́ríkà. Kí àwọn ọdún 1960 tó parí, irú rẹ̀ ti wọ́pọ̀ ní Áfíríkà. Kò nílò iná mànàmáná; bátìrì ni ó ń lò. Àgbẹ̀ lè gbé e lọ sí oko, obìnrin lè gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ààrò. Àwọn tí ó kọ́ ELWA kò ṣe transistor, wọn kò sì lè sọ pé àwọn rí i tẹ́lẹ̀. Ọlọ́run ni ó ń pèsè etí nígbà tí àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀ ń pèsè ẹnu.

Gẹ̀ẹ́sì nìkan kò lè ṣe iṣẹ́ náà. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n fi èdè Làìbéríà kún un, bí Kpelle àti Bassa, lẹ́yìn náà àwọn èdè ilẹ̀ mìíràn, títí tí èdè tí ELWA ń lò fi tó bí i 40. Hausa wà níbẹ̀, Ìgbò wà níbẹ̀, Yorùbá náà wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ètò wọ̀nyí ni a kò ṣe ní Monrovia rárá. Nàìjíríà ni a ti ń gbà wọ́n sílẹ̀ sínú téèpù, ní sítúdíò bí èyí tí ó wà ní Jos, kí a tó fi wọ́n ránṣẹ́ sí Làìbéríà, tí ẹ̀rọ ibẹ̀ yóò sì tún tì wọ́n padà sí wa láti ojú òfuurufú. Oníwàásù sọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà, ohùn rẹ̀ gba ojú ọ̀run Làìbéríà padà wá sí ilé aládùúgbò rẹ̀.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Jerúsálẹ́mù ní ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì ni kí ẹ fi wé e. Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí kejì sọ fún wa pé olúkúlùkù gbọ́ iṣẹ́ ńlá Ọlọ́run ní èdè tí a bí i sí. Àwa tí a ń pe ara wa ní ọmọ Pẹ́ńtíkọ́sì máa ń tẹnu mọ́ ahọ́n tí ó ń sọ̀rọ̀. Lúùkù tẹnu mọ́ etí tí ó ń gbọ́ pẹ̀lú.

Bí ètò bá parí, olóòtú a sọ àdírẹ́sì tí ènìyàn lè kọ lẹ́tà sí. Ibí yìí ni mo ti rí kókó ìtàn náà. Ìwé ìròyìn iṣẹ́ míṣọ́nnárì sábà máa ń yin ẹ̀rọ: bí agbára rẹ̀ ti tó, bí òpó rẹ̀ ti ga tó. Ṣùgbọ́n lẹ́tà ni ó jẹ́ kí a mọ̀ pé ẹnìkan wà ní òpin ọ̀nà kejì. Ẹni tí ó bá kọ̀wé láti bèèrè bí ó ṣe lè rí ìdáríjì kì í ṣe ẹni tí a lè fi ẹ̀rọ dá lóhùn. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ jókòó, kí ó ka ìwé náà, kí ó gbàdúrà, kí ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ èsì. Ní ibi tí ìjọ bá sì wà nítòsí, ẹnìkan gbọ́dọ̀ lọ kan ilẹ̀kùn onítọ̀hún. Nípa lẹ́tà ni asọ̀rọ̀mágbèsì fi di ẹ̀rọ tí ó ń gba èsì.

Ìgbà tí iná dé

Ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Kejìlá ọdún 1989, àwọn ọmọ ogun Charles Taylor wọ Làìbéríà láti ilẹ̀ Côte d'Ivoire, ní àgbègbè Nimba. Kí oṣù Keje ọdún 1990 tó parí, ogun ti dé Paynesville. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn tí ogun lé kúrò nílé sá wọ ọgbà ELWA. Àwọn míṣọ́nnárì wà níbẹ̀ títí ó fi di dandan kí a kó wọn jáde. Àwọn ará Làìbéríà, tí wọn kò ní ìwé ìrìnnà ilẹ̀ òkèèrè lọ́wọ́, ni ó ṣẹ́kù.

Rédíò náà run nínú ogun ọdún yẹn. Ohùn tí ó ti ń jáde fún ọdún 36 dákẹ́. Ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Kẹjọ ọdún 1990, àwọn ọmọ ogun ECOMOG gúnlẹ̀ sí Monrovia, àwọn ọmọ Nàìjíríà ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn mìíràn nínú àwọn ọmọ tiwa kò padà wálé.

Nígbà tí ara tu ìlú díẹ̀, wọ́n tún rédíò náà gbé dìde. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1996, ìjà ńlá tún bẹ́ sílẹ̀ ní Monrovia. Wọ́n kó ẹrù ELWA, wọ́n sì tún bà á jẹ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Mo mọ ìbéèrè tí ó máa ń jáde nígbà tí a bá sọ irú ìtàn yìí ní kíláàsì. Ẹnìkan á ní: “Bí ó bá jẹ́ iṣẹ́ Ọlọ́run ni, kí ló dé tí Ọlọ́run jẹ́ kí ó jóná?” Ẹlòmíràn á ní àdúrà ni kò tó, tàbí pé ẹ̀ṣẹ̀ kan ló wà nínú àgọ́. Ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ra. Ní òru ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Keje ọdún 1990, nínú ìlú Monrovia kan náà, àwọn ọmọ ogun ìjọba pa nǹkan bí 600 ènìyàn tí wọ́n sá pamọ́ sí ilé ìjọsìn St. Peter's Lutheran. Àwọn ìyá tí ó gbé ọmọ pọ̀n wà lára wọn. Ẹni tí ó bá ní ìdáhùn kúkúrú fún irú ikú bẹ́ẹ̀, kí ó kọ́kọ́ lọ sọ ọ́ létí ibojì wọn. Ọ̀rẹ́ Jóòbù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ìdáhùn kúkúrú. Ọlọ́run kò yìn wọ́n fún un.

Ìwé Mímọ́ fún wa ní àpẹẹrẹ tí ó sàn jù. Nínú Jeremáyà orí 36, Bárúkù kọ ọ̀rọ̀ Olúwa láti ẹnu wòlíì sínú ìwé kíká. Ọba Jehóíákímù gé e kélekèle, ó sì sọ ọ́ sínú iná ìdáná títí ó fi jóná tán. Olúwa kò sọ̀kalẹ̀ láti pa iná náà. Ohun tí ó ṣe ni pé ó ní kí Jeremáyà mú ìwé mìíràn. Bárúkù tún un kọ, ọ̀rọ̀ púpọ̀ irú rẹ̀ sì kún un. Ìwé ni iná rí jó. Wòlíì wà, akọ̀wé wà, Ẹni tí ó ni ọ̀rọ̀ sì wà.

Ohùn kékeré

Ní ọdún 1997, ELWA padà sórí afẹ́fẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe bí ó ti wà tẹ́lẹ̀. Ẹ̀rọ FM kékeré ni, tí kò lè kọjá Monrovia àti agbègbè rẹ̀. Rédíò tí orílẹ̀-èdè púpọ̀ ti ń gbọ́ di rédíò àdúgbò. Ṣọ́ọ̀tì-wéèfù padà nígbà tí ó yá, àmọ́ agbára rẹ̀ kò tó ti àtẹ̀yìnwá mọ́.

Ẹni tí ó ń fi gíga òpó díwọ̀n iṣẹ́ Ọlọ́run á ní ìtàn náà ti parí sí ìtìjú. Mo rí nǹkan mìíràn. Kí ogun tó dé, ẹ̀rọ náà pọ̀ ju ohun tí ìjọ Làìbéríà lè ràn lọ. Owó òkèèrè ni ó gbé e ró, ìmọ̀ òkèèrè ni ó sì ń tún un ṣe. Lẹ́yìn ogun, àwọn ará Làìbéríà tí kò lọ ni ó gbé e ka èjìká. Ohùn wọn kò jìnnà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbọ́ ọ láàárọ̀ lè rìn wá sí ẹnu géètì ní ọ̀sán. Kò nílò lẹ́tà mọ́. Èsì ti di ohun tí ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé.

Ọgbà náà kò sì jẹ́ ti rédíò nìkan. Láti ọdún 1965 ni ilé ìwòsàn ELWA ti wà níbẹ̀. Nígbà tí àrùn Ebola dé ní ọdún 2014, ilé ìsìn kékeré tí ó jẹ́ ti ilé ìwòsàn náà ni wọ́n kó àga kúrò nínú rẹ̀, tí wọ́n sì sọ di ibi ìtọ́jú àwọn aláìsàn Ebola. Dókítà Kent Brantly láti Amẹ́ríkà kó àrùn náà lẹ́nu iṣẹ́. Dókítà Jerry Brown, ọmọ Làìbéríà, ni ó ṣáájú àwọn tí ó dúró ti àwọn aláìsàn. Ní oṣù Keje ọdún yẹn, àrùn náà gba ọkọ̀ òfuurufú láti Monrovia dé Èkó, Dókítà Ameyo Adadevoh àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì fi ara wọn dí i lọ́nà. Ó kú nítorí rẹ̀. Ọ̀nà tí ohùn ìhìnrere ti gbà dé ọ̀dọ̀ wa láti Monrovia, àìsàn náà gbà á dé.

Ẹ wo ilé ìsìn tí ó di yàrá ìtọ́jú yẹn dáadáa. Àwọn tí ó ti fi ọgọ́ta ọdún sọ lórí afẹ́fẹ́ pé Ọlọ́run fẹ́ràn ènìyàn, ìgbà yẹn ni aráàlú rí i pẹ̀lú ojú pé òótọ́ ni wọ́n ń sọ.

Ọ̀rọ̀ kan àwa náà

Ní Nàìjíríà, ìjọ kò lè ní rédíò bí ELWA ṣe wà ní Làìbéríà. Òfin kejìdínlógójì ti ọdún 1992, tí ó dá àjọ NBC sílẹ̀, gba àwọn aládàáni láyè láti dá rédíò àti tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó sọ kedere pé a kò gbọdọ̀ fún ẹgbẹ́ ẹ̀sìn tàbí ẹgbẹ́ òṣèlú ní ìwé àṣẹ. Ní orílẹ̀-èdè Benin tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, òfin kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn onígbàgbọ́ ní Rédíò Maranatha ní Kútọnu, Trans World Radio sì ní ẹ̀rọ ńlá níbẹ̀ tí ó ń fi èdè wa àti ti àwọn ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ wọ Nàìjíríà. Nítorí náà, ohun tí ó kù fún àwa ni ríra àkókò lọ́wọ́ rédíò ìjọba tàbí ti aládàáni.

Àkókò tí a rà ń yí ìwàásù padà, bí a kò tilẹ̀ fura. Nígbà tí ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan bá ní iye tí à ń san lé e lórí, ọkàn a máa sáré sí bí owó náà yóò ṣe padà. Díẹ̀díẹ̀, orúkọ olùṣọ́-àgùntàn á pọ̀ ju orúkọ Jésù lọ. Nọ́ńbà báńkì á ṣáájú nọ́ńbà ẹni tí yóò gbàdúrà fún olùgbọ́. Ìkéde ìpàdé ńlá á gba ipò ẹ̀kọ́. Ní ọdún 2004, NBC pàṣẹ pé kí àwọn iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n dáwọ́ fífi iṣẹ́ ìyanu tí a kò lè fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ hàn dúró. Ọ̀pọ̀ nínú wa bínú, a ní inúnibíni ni. Mo gbà pé kì í ṣe iṣẹ́ ìjọba láti wọn agbára Ẹ̀mí Mímọ́. Síbẹ̀, ó yẹ kí a bi ara wa pé kí ló dé tí ó fi jẹ́ ìjọba ni ó kọ́kọ́ bèèrè ẹ̀rí lọ́wọ́ wa, tí kì í ṣe àwọn alàgbà ìjọ.

Kì í ṣe pé mo ní kí a má lo rédíò. Ìran àwọn tí ó kọ́ ELWA jẹ́ ìran rere, ọ̀pọ̀ ọkàn ni ó sì gbọ́ ìhìnrere níbi tí ẹsẹ̀ oníwàásù kò tíì dé. Pọ́ọ̀lù bèèrè nínú Róòmù orí kẹwàá bí àwọn ènìyàn yóò ṣe gbọ́ bí kò bá sí oníwàásù. Ìbéèrè náà ṣì wà nílẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí ìgbìmọ̀ ìjọ tó fọwọ́ sí ìwé sọ̀wédowó, kí ó dáhùn ìbéèrè mẹ́ta tí ìtàn yìí kọ́ wa.

Èkíní: ní èdè ta ni a fẹ́ sọ̀rọ̀? Bí ó bá jẹ́ pé àwọn àgbẹ̀ Òkè-Ògùn tàbí àwọn ìyá alátà ni a fẹ́ bá sọ̀rọ̀, kí ni à ń fi Gẹ̀ẹ́sì Amẹ́ríkà ṣe?

Èkejì: ta ni yóò gba èsì? Orúkọ ẹni tí yóò gbé fóònù, ẹni tí yóò ka àtẹ̀jíṣẹ́, ẹni tí yóò lọ kí olùgbọ́ nílé tàbí tí yóò fà á lé ìjọ tí ó sún mọ́ ọn lọ́wọ́, bí kì í tilẹ̀ ṣe ìjọ tiwa, yẹ kí ó wà nínú ìwé ètò kí orúkọ oníwàásù tó wà níbẹ̀. Ìjọ tí kò bá ní ẹni méjì tí ó lè yọ̀ǹda fún èyí kò tíì ṣetán fún rédíò.

Ẹ̀kẹta: bí owó bá tán lọ́la, kí ni yóò ṣẹ́kù? Ní ọdún 1930, nígbà tí ìsọjí dé Òkè-Ooye ní Iléṣà, Wòlíì Joseph Babalọlá kò ní rédíò kankan. Agogo ọwọ́ àti àdúrà ni ó ní. Àwọn tí ó rí ìwòsàn ni ó gbé ìròyìn náà lọ sí ìlú wọn, ìjọ tí ó jáde nínú rẹ̀ sì wà títí di òní. Bí a bá kó ẹ̀rọ kúrò lọ́wọ́ wa, ṣé ìjọ wa ní ẹnu tí ó tó láti gbé ìròyìn náà?

Àwọn tí ó kọ́ ELWA kò mọ̀ ní ọdún 1954 pé òpó wọn yóò wó. Bí wọ́n bá ti rò pé òpó náà ni iṣẹ́, ọdún 1990 ni ìtàn wọn ì bá parí. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn ti wà nílẹ̀, tí wọ́n ti gbọ́, tí wọ́n ti dáhùn, tí wọ́n sì lè sọ̀rọ̀ fúnra wọn ní èdè ara wọn. Irú wọn ni kí ẹ̀yin náà wá kí ẹ tó wá afẹ́fẹ́. Nígbà tí ẹ bá sì ti sọ̀rọ̀ tán, ẹ fara balẹ̀, kí ẹ dúró gbọ́ èsì. Kí Olúwa fún wa ní ẹnu tí ó ń sọ òtítọ́, àti etí tí ó ń gbọ́ igbe ẹni tí ó wà ní òdìkejì. Àmín.